Òdòdó Tó Kẹ̀yìn sí Géètì

Ẹni tó bá tún sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni gbogbo Yorùbá, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti bímọ sí ìlú onílùú rí. Èmi ti bí. Ìlọrin ni mo bí i sí, ọ̀rọ̀ sì kún mi nínú.

Ọmọ Sábẹ̀ ni mí, ìsọdá bọ́dà, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba. Yorùbá ni bàbá mi ń sọ, Yorùbá ni bàbá tó bí i lọ́mọ ń sọ, àwọn òkè tó yí ìlú wa ká gan-an, Yorùbá la fi sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀sẹ̀ tí èmi àti ọkọ mi dé àdúgbò Adéwọlé ní Ìlọrin, mo kí ìyá kan tó ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ó dúró, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wá ké sí ẹnìkejì rẹ̀ lódìkejì títì: "Ìyá Sikírá, ẹ wá gbọ́ Àgànyìn tó ń sọ Yorùbá!"

Àgànyìn! Lójú wọn, ẹnikẹ́ni tó bá ti sọdá bọ́dà wá, Àgànyìn ni. Ì báà ti Tógò wá, ì báà ti Gánà wá, ì báà jẹ́ pé Yorùbá ẹnu rẹ̀ dàgbà ju tiwọn lọ. Ṣíọ̀! Àwọn tí ìdajì ọ̀rọ̀ ẹnu wọn jẹ́ Lárúbáwá, tí díẹ̀ jẹ́ Haúsá, tí èyí tó kù jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ló ń fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bẹnuwá ni orúkọ ọkọ mi, orúkọ tí fadá fún un nígbà ìrìbọmi. Táìsì ló ń lẹ̀. Ilé ńlá tí wọ́n kọ́ sí GRA ní àkókò tá a dé, ẹ lọ wo ilẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ ọkọ mi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu Ìlọrin ò lè pe Bẹnuwá. Bínúwá ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin tí mi ò rí kó bínú láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra wa, òun ni gbogbo àdúgbò sọ di Bínúwá. Èmi tí inú ń bí, kò sẹ́ni tó fún mi lórúkọ.

Àlájà onílé wa ló bẹ̀rẹ̀ Bínúwá yẹn. Opó ni, ilé àwọn àáfà ni wọ́n ti bí i nísàlẹ̀ ìlú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì í gbàgbé. Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó". Mo mọ̀ pé àgbà ni. "Wọ́n" tí mò ń pè é lójú rẹ̀ ti tó, ẹ jẹ́ kí ẹnu mi sinmi lẹ́yìn rẹ̀.

Bọ́ìsì kọ́tà ẹ̀yìn ilé rẹ̀ la gbà. Ohun tí Àlájà kórìíra jù láyé ni ẹrọ̀fọ̀, ohun kejì sì ni ayálégbé. Òun ló ní kí Bẹnuwá fi táìsì bo gbogbo àgbàlá, láti ẹsẹ̀ géètì títí dé ẹnu ọ̀nà tiwa. Òdòdó kan wà lára táìsì kọ̀ọ̀kan. Bẹnuwá to gbogbo wọn débi pé orí gbogbo òdòdó kọjú sí géètì, ó ní ẹni tó bá ń wọlé ni òdòdó gbọ́dọ̀ máa kí. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tó kù tí táìsì ò bò ni ìdí igi dóńgóyárò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ibẹ̀ ni Àlájà ń so àgbò rẹ̀ mọ́.

Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé ní ilé ìwé aládàáni kan lọ́nà Basin. Àǹtí Bọ́ńjúù ni wọ́n ń pè mí. Tí àwọn òbí bá wá wo ilé ìwé, ọ̀gá wa á fà mí síwájú, á ní, "Ará Faransé wa rèé o," bí ẹni pé Páríìsì ni mo ti sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ márúwá ní Adéwọlé nírọ̀lẹ́, mo ti padà di Àgànyìn. Yorùbá tí ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún, kò sẹ́ni tó kà á kún. Ọjọ́ tí mo pe wàrà ní wàgàsì bí a ṣe ń pè é nílé, obìnrin Fúlàní tó ń tà á gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lè rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Òun náà!

Tí mo bá fẹ́ gbọ́ ohùn tó jọ tèmi, Màmá mi ni mo máa ń pè ní Sábẹ̀. Wọ́n á ní, "Ṣé o ti jẹun?" Mo á ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lẹ́yìn náà mo á gbé fóònù sílẹ̀, mo á sunkún díẹ̀, mo á wá dìde lọ se oúnjẹ tí mo ti sọ pé mo jẹ.

Oyún mi wá pé. Lọ́dọ̀ wa, sáásìfáàmù là ń pe obìnrin tó ń gbẹ̀bí. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, ṣùgbọ́n ìyá ìyá mi tí kò mọ ojú ọ̀nà ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ ló ń pè é. Ìrọbí mú mi ní ọsibítù láàárọ̀ Ọjọ́rú, gbogbo Yorùbá Ìlọrin tí mo ti kọ́ fò lọ, mo figbe bọnu: "Sáásìfáàmù! Ẹ bá mi pe sáásìfáàmù!"

Nọ́ọ̀sì kékeré kan sáré wọlé. "Ta ni Sáásì?"

"Sáásìfáàmù! Ẹ yéé bi mí ní ta ni!"

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí. "Bàbá Sáásì! Ta ni Bàbá Sáásì níbí? Ìyàwó yín ń pè yín o!" Iwájú Bẹnuwá gan-an ló dúró sí. Bẹnuwá ń wo ẹnu rẹ̀, ó tún ń bá a wá Bàbá Sáásì káàkiri. Nọ́ọ̀sì padà wọlé, ó fọwọ́ lé mi léjìká bí ẹni tó ń kí ọ̀fọ̀. "Ẹ ṣe ọkàn yín gírí, mà. Ó jọ pé wọ́n ti sá lọ."

Èyí àgbà nínú àwọn nọ́ọ̀sì ló wá gbẹ̀bí mi. Òun náà ní tiẹ̀. "Ẹ̀yin Àgànyìn, ẹ ò mọ ìfaradà rárá. Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń ṣe é, ṣé ẹ pariwo tó báyìí?" Èsì wà lẹ́nu mi, èsì gidi, ìrọbí ni ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Títí dòní ó ń dùn mí.

Ọmọ wá dé. Obìnrin. Wọ́n gbé e lé mi láyà, ó gbóná, ojú rẹ̀ wú, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́. Inú mi dùn débi pé mo dárí ji gbogbo Ìlọrin fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fi láìlọ́ọ̀nù dúdú lé Bẹnuwá lọ́wọ́. "Ẹ gba ibi ọmọ yín. Ẹ lọ rì í síbi tó bá dára, ẹ má jù ú sáàtàn wa o." Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀.

Torí pé nínú gbogbo ohun tí èmi àti àwọn ènìyàn yìí jọ ní, èyí ló jọra jù: ilẹ̀ tí wọ́n bá ri ibi àti ìwọ́ ọmọ mọ́, ilẹ̀ náà ni ilé ọmọ. Ibi yòówù kó lọ, ibẹ̀ ni yóò máa pè é. Bí wọ́n bá sì jù ú dànù tí ajá hú u, ọmọ á di alárìnkiri. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín pé olùkọ́ ni mí. Nígbà tó jẹ́ ọmọ tèmi, mi ò rẹ́rìn-ín.

Mo pe Màmá mi. Wọ́n kọ́kọ́ kọrin ọmọ tán lórí fóònù, wọ́n wá ní, "Ìwọ́ rẹ̀ dà?"

"Ó wà nínú kúlà, mà. Bẹnuwá ti da áìsì sí i."

"Ẹ fi iyọ̀ pa á, ẹ fún awakọ̀ kó gbé e wá. Ẹ̀yìn ilé bàbá yín ni tìẹ wà, ibẹ̀ ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ wà. Má jẹ́ kí wọ́n ri ọmọ mi sí ìlú onílùú."

Bẹnuwá wá awakọ̀ kan tó máa ń ná ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa. Awakọ̀ bi í pé kí ló wà nínú ẹrù. Ọkọ mi tí kò mọ irọ́ pa, ó sọ fún un. Ọkùnrin náà pa búùtù ọkọ̀ rẹ̀ dé gbà! Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá ní kí n tú u wò ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ pè é? Ẹran ni àbí ènìyàn?" Èmi ò lè dìde, Bẹnuwá ò sì lè fi èmi àti ọmọ tuntun sílẹ̀ lọ. Áìsì ń yọ́.

Ọjọ́bọ̀, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Àlájà pé kó ṣàánú, kó yọ̀ǹda ìdí dóńgóyárò. Láti inú yàrá ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Aúsù bìlá! Ìwọ́ Àgànyìn nínú ilé mi? Bínúwá, ṣé orí ẹ pé? Ẹni tó bá ri ìwọ́ ọmọ síbì kan ti ní ibẹ̀ nìyẹn. Lọ́la, á dàgbà tán, á dúró lẹ́nu géètì mi, á ní ilé òun rèé."

"Àlájà, ọmọbìnrin ni."

"Ìyẹn ló wá burú jù! Ọmọbìnrin á mú ọkọ wá. Ẹ lọ ri í sí pápá. Ilẹ̀ Ọlọ́run pọ̀."

Pápá! Níbi tí gbogbo ajá Adéwọlé ń sùn sí. Àgbò rẹ̀ lè tọ̀ sí ìdí igi yẹn, kó yàgbẹ́ síbẹ̀, ìwọ́ ọmọ tèmi ni yóò ba ilẹ̀ jẹ́. Ẹrú kọ́ ni mí o. Ìlú tí ọba ti ń jẹ tipẹ́tipẹ́ ni mo ti wá.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Àlájà gbé ìbòrí funfun borí, ó gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí mọ́sálásí gbogbogbò. Bó ṣe ti géètì, mo gbé ọmọ jáde sínú òòrùn ọ̀sán. Mo ní, "Bẹnuwá, ṣí táìsì kan."

Ó wò mí. "Ibo?"

Mo nawọ́ sí iwájú fàráńdà, ibi tí Àlájà ń gbé àga rẹ̀ sí nírọ̀lẹ́ láti gbatẹ́gùn.

"Ìwọ obìnrin yìí!" Ṣùgbọ́n ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ táìsì í lẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣí. Ó ṣí i láìfọ́, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó gbé ìkòkò kékeré tí a kó ìwọ́ sí wọ inú rẹ̀, ó bò ó, ó tẹ́ sìmẹ́ńtì lé e. A ò ní àgbà tó máa wúre, nítorí náà èmi ló sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, ilẹ̀ rèé. Má rìn kiri." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu géètì. Ẹ̀rù bà wá. Ọmọ figbe ta, mo fi ọwọ́ kan gbé táìsì fún Bẹnuwá, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kíá, ó fi ẹsẹ̀ nu etí rẹ̀. Aládùúgbò wa kan ni kẹ̀kẹ́ náà já sílẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ wa.

Ìrọ̀lẹ́ ni Bẹnuwá tó rí i. Sìmẹ́ńtì ti gbẹ. Nínú gbogbo àgbàlá, òdòdó kan ṣoṣo kẹ̀yìn sí géètì, ó kọjú sí yàrá wa. Ó fẹ́ ṣí i padà, mo ní kó fi í sílẹ̀. "Ojú ta ló máa rí i?"

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Àlájà gba òwe yẹn gbọ́ ju bó ti yẹ lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, láìkan ilẹ̀kùn, ó ti dé pẹ̀lú òrí, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn. "Ẹ̀yin Àgànyìn, omi lásán lẹ fi ń wẹ ọmọ ni?" Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó na apá, ó na ẹsẹ̀, ó di í lẹ́sẹ̀ méjèèjì ó dorí rẹ̀ kodò, ó jù ú sókè, ó hán an. Ó wá kọjú sí èmi náà, ó ń rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níkùn, mò ń pariwo. Ó ní kí n dákẹ́, ó ní omi tútù ló ń mú obìnrin ìlú wa di ìyá arúgbó ní kékeré. Gbogbo èébú tí mo kọ́ ní ilé ìwé gíga, mo fi Faransé kó o dà lé e lórí, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Òun náà rò pé àdúrà ni. Ó ń ṣe àmín.

Lọ́jọ́ kan Màmá mi pè lórí fídíò nígbà tí ọmọ wà lókè. "Ta ni obìnrin tó ń ju ọmọ mi bí iṣu yẹn?" Àlájà gba fóònù. "Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyá Àgànyìn! Ẹ má mikàn, mò ń bá yín tún un ṣe." Wọ́n jà lórí ìgbóná omi. Ẹnìkan ń sọ ti Sábẹ̀, ẹnìkan ń sọ ti Ìlọrin, ìdajì ni wọ́n gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ ara wọn, ìjà náà ò sì tìtorí ẹ̀ rọlẹ̀. Títílayọ̀ la sọ ọmọ. Àlájà ní Ràmátù ni òun máa pè é ní tòun. Ẹnu tó ń ké Kùránì látòkè délẹ̀, Títílayọ̀ ló wá há a lọ́fun.

Ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé àga ṣíbáṣíbá rẹ̀ jáde, á gbé e lé orí táìsì yẹn gan-an, á jókòó. Mo á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú ọmọ léjìká, mo á máa rẹ́rìn-ín sínú. Máa bú mi, ìyá. Ìdí ẹ wà lórí ilé ọmọ Àgànyìn. Èmi nìkan ni mo mọ adùn tó wà nínú rẹ̀, òun ló gbé mi dìde láàárín àwọn ọ̀sẹ̀ tí ara ń ro mí, tí ọyàn wú, tí kò sí ìyá, tí kò sí àbúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Màmá mi ò yé béèrè. "Ìwọ́ ńkọ́?" Mo sọ fún wọn níkẹyìn.

"Nínú ilé obìnrin tó ń pè ọ́ ní Àgànyìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Abẹ́ àga rẹ̀ gan-an."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "O ti fi ìbínú ta wọ́n lọ́rẹ ọmọ."

Inú bí mi sí wọn. Mo ní ṣé kí ajá hú u ni? Wọ́n ní àwọn ò bá mi wí. Mi ò pè wọ́n fún ọjọ́ mélòó kan.

Nígbà tí ọrùn ọmọ gbó, mo sọ fún Bẹnuwá pé ó tó, ká máa lọ sílé. Táìsì wà ní Sábẹ̀, ọmọ ilé ìwé wà ní Sábẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa pè mí ní ohun tí mi ò jẹ́ níbẹ̀. Ó gbà. A lọ bá Àlájà lórí àga rẹ̀ láti sọ fún un. Ó gbọ́ ọ tán. Ó dìde, ó fa àga sẹ́yìn, ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan táìsì.

"Bínúwá kì í lẹ táìsì lódì."

Bẹnuwá ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Èmi ò kúnlẹ̀. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún un sẹ́nu.

Àlájà tún ní, "Láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ yẹn ni mo ti rí i. Ẹ rò pé mi ò mọ àgbàlá mi? Ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ da omi gbígbóná síbẹ̀, àgbò fẹ́ tọ̀ síbẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ rò pé mi ò kúrò lójú kan yìí mọ́, nígbà tí òòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀ mí lójú? Atẹ́gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀hún dára ju tibí lọ." Ó na ọwọ́ gba ọmọ lẹ́yìn mi. "Mo ní kẹ́ ẹ má rì í. Ẹ ti rì í. Ohun tí ilẹ̀ ti gbà, ta ni mo jẹ́? Ẹ̀yin lè máa lọ, Àgànyìn ni yín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé inú ilé Ràmátù lẹ fẹ́ gbé Ràmátù kúrò."

Gbogbo ẹ̀rín tí mo ti ń rín sínú láti ọjọ́ yìí, ó padà wá bú mi.

A ò tíì lọ. Ẹ má bi mí léèrè ìdí. Bẹnuwá á ní iṣẹ́ pọ̀ ní GRA, èmi á ní kí táàmù yìí parí ná.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń sá ìlédìí sórí okùn, ìyá oníṣọ́ọ̀bù tó kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tá a dé wá kí Àlájà. Ọmọ mi ti ń tẹ̀, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lọ síwájú fàráńdà. Ìyá náà ní, "Háà, ọmọ Àgànyìn yìí ti ń rìn!"

Wọ́n fò dìde lórí àga. Wọ́n ní, "Ta ló ń jẹ́ ọmọ Àgànyìn? Ìyá rẹ̀ ni Àgànyìn! Ọmọ ilé yìí nìyí, ẹ bi ilẹ̀ léèrè!"

Ẹ wo ẹnu mi. Mo ti ń pe Àlájà ní "wọ́n" lẹ́yìn rẹ̀.

Mo dúró ti okùn aṣọ, ìlédìí tútù ń kán sí mi lẹ́sẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n bú ẹnìkan. Títílayọ̀ ti jókòó lé orí táìsì tí òdòdó rẹ̀ kẹ̀yìn sí géètì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Ó gbójú sókè, ó wò mí bí onílé ṣe ń wo ayálégbé.